Ihò Ló Ṣe Pàtàkì Ju Pulọ́ọ̀gì Lọ: Ìbéèrè Yín Lórí Dífù Pikọ́ọ̀pù Àtijọ́

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó dé lórí ọ̀rọ̀ dífù lóṣù yìí pọ̀, mẹ́rin nínú wọn sì jọ ra débi pé mo ní kí n kúkú kó wọn sójú kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́, pulọ́ọ̀gì tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì o, irin tí wọ́n fi dí ihò tí a ti ń da ọ́ìlì sínú dífù ni. Dífù yẹn ni ikùn ńlá tó wà láàárín ásù ẹ̀yìn, tó ń gba agbára lọ́wọ́ ṣáàfù tó sì ń pín in fún táyà méjèèjì, tí mọ́tò bá wá jẹ́ fó-báì-fó, òmíì tún wà níwájú.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní pikọ́ọ̀pù kan tó ti lé lógún ọdún, èmi fúnra mi ni mo ń tọ́jú ẹ̀. Mo fẹ́ pàrọ̀ ọ́ìlì dífù ẹ̀yìn, mo wọ abẹ́ ẹ̀, mo bá rí i pé pulọ́ọ̀gì òkè tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì sí i, orí ẹ̀ ti di róbótó, ó jọ pé ẹni tó ṣe é kẹ́yìn lo sípánà tí ò bá a mu, ojú ṣísù tiẹ̀ wà lára ẹ̀. Sípánà mi kàn ń yọ̀ ni. Ti ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde dáa ní tiẹ̀, mo gbé sípánà lé e ó sì fẹ́ tú, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná. Báwo ni mo ṣe máa yọ ti òkè yìí, irú èwo ni mo sì máa rà rọ́pò ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ dúró bi mí, torí ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sí kòtò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ti ìsàlẹ̀. Ti òkè la máa ń kọ́kọ́ tú nígbà gbogbo, kódà kó dáa, kódà kó jẹ́ àná lẹ tú u kẹ́yìn, torí tẹ́ ẹ bá ti da ọ́ìlì inú ẹ̀ nù tán tí ti òkè wá kọ̀ tí ò ṣí, ibo lẹ fẹ́ gbà da tuntun sí? Mọ́tò ti di òkúta nìyẹn, kò ṣeé wà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kankan.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Mo ti da ọ́ìlì sínú bàsíà tán, inú mi ń dùn pé mo yára, ni mo bá gbé sípánà lé ti òkè, ó yí, mo rò pé ó ti ń tú, àṣé orí ẹ̀ ló ń bó, irin wẹ́wẹ́ ló ń já bọ́ sí mi lójú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mọ́tò onímọ́tò fi wà nílẹ̀, ó ń wá láràárọ̀, kò bú mi, ó kàn máa ń dúró wò mí ni. Mi ò gbàgbé ojú yẹn dòní.

Kẹ́ ẹ tó gbé òòlù, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: pulọ́ọ̀gì yẹn, ẹ lè bà á jẹ́ bó ṣe wù yín, ẹ lu ú, ẹ jó o, ẹ gé e, kò sí wàhálà, òmíràn la máa rà. Ihò tó wà ni ò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ara dífù nihò, tí tíréèdì inú ẹ̀, ìyẹn eyín tó lọ́ yípo tí pulọ́ọ̀gì ń gbà wọlé, bá fi lè jẹ, iṣẹ́ ti di méjì nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo máa sọ látìsinsìnyí lọ, orí ìyẹn ló dá lé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú orí tó ní. Òmíì yọ orí síta bíi bóòtù, irú ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Toyota Hilux àtijọ́, sípánà 24 ló ń tú u. Òmíì ò yọ orí rárá, ihò onígun mẹ́rin ló wà láàárín ẹ̀, imú ráṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì, gangan ló ń wọ̀ ọ́ láìfi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, ti dífù Ford tí wọ́n ń pè ní 8.8 ń gba 3/8 ínṣì, àwọn míì ń gba 1/2 ínṣì. Òmíì sì ni onígun mẹ́fà tó wọnú, kọ́kọ́rọ́ álẹ̀n ló ń tú u, 10 mm ló sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn tó nihò yìí, ẹrẹ̀ ló ń bà wọ́n jẹ́ jù. Ẹ ó ti ráṣẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ẹ ó rò pé ó ti wọlé, kò wọlé, ẹrẹ̀ tó ti gan nídìí ihò ló gbé e dúró, etí nìkan ló mú, ẹ wá fagbára fà á, ó bó. Ẹ fi ìṣó wa ẹrẹ̀ yẹn jáde títí ẹ ó fi rí irin tó ń dán nídìí ẹ̀. Mo ti bá pulọ́ọ̀gì pàdé tí èèyàn mẹ́ta ti sọ pé ó ti bàjẹ́, a wa ẹrẹ̀ inú ẹ̀ tán, ráṣẹ́ẹ̀tì wọlé ṣinṣin, ó tú.

Tiyín tó di róbótó, ó dájú pé èyí tó yọ orí síta ni. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi nǹkan dí táyà, tẹ́ ẹ bá máa gbé e sókè ẹ fi sítáńdì tì í, ẹ má sùn sábẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, mò ń bẹ̀ yín ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha àyíká pulọ́ọ̀gì kó mọ́ tónítóní, torí tó bá ṣí, ìdọ̀tí tó wà létí ihò, inú gíà ló ń lọ. Ẹ wá fín ọ́ìlì tó ń tú irin tó dógùn-ún sí etí ẹ̀ yípo, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún o, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì jí lóru tẹ́ ẹ tún lè fín in lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ṣe é.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi òòlù lu orí pulọ́ọ̀gì náà lóòró, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, lílù tó dúró dáadáa (tí ara dífù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, bíi tàwọn dífù iwájú kan, ẹ rọra o, kò lágbára bí irin). Lílù yẹn ló ń jẹ́ kí ògún tó so pulọ́ọ̀gì mọ́ ihò sán. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, ẹ má lo onígun méjìlá lórí nǹkan tó ti bó, torí ṣóńṣó igun nìkan ni ìyẹn ń dì mú, ṣóńṣó igun ọ̀hún ni ò sì sí mọ́. Ẹ wá èyí tó kéré díẹ̀ sí i, tó fẹ́ wọlé tí ò fẹ́ wọlé, ẹ fi òòlù gbá a sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀pá gígùn yí i. Ẹ kọ́kọ́ yí i bíńtín sọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹni fẹ́ dì í sí i, kẹ́ ẹ tó yí i sósì. Tó bá máa tú, ó máa dún pàù, bí ìgbà tí igi gbígbẹ dá, ọkàn yín á kọ́kọ́ já pé nǹkan ti ṣẹ́. Kò ṣẹ́. Ó tú ni.

Tó bá tún kọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tó léyìn nínú, eyín ẹ̀ lọ́ sósì, bẹ́ ẹ ṣe ń yí i náà ló ń bù mọ́ irin sí i, ó dáa púpọ̀ fún irú èyí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wẹ́dà. Ká sòótọ́, tọ́rọ̀ bá ti le débì kan, tí wẹ́dà ni mo fẹ́ràn jù: á gbé nọ́ọ̀tì ńlá lé orí pulọ́ọ̀gì, á jó o látinú nọ́ọ̀tì yẹn títí inú ẹ̀ á fi kún, ooru iná yẹn fúnra ẹ̀ á sì ti tú ògún tó wà nídìí ẹ̀, ẹ dúró kó rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi sípánà sí nọ́ọ̀tì tuntun, ẹ yí i. Ṣùgbọ́n ẹ yọ wáyà bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó fi wáyà áàtì ẹ̀ mú ara ásù nítòsí ibẹ̀ gan-an, kí iná má lọ gba inú bẹ́ríìnì kọjá. Kẹ́ ẹ sì nu gbogbo ohun tẹ́ ẹ fín síbẹ̀ àti ọ́ìlì tó bá ta sára kúrò pátápátá, kí ohun tí wọ́n fi ń paná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ́ìlì gíà máa ń gbiná.

Dírílì ni mo máa ń sá fún. Kì í ṣe pé kì í ṣiṣẹ́, àmọ́ irin wẹ́wẹ́ tó ń bù jáde, ìdajì ẹ̀ inú dífù ló ń lọ, tí ọwọ́ yín bá sì yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, tíréèdì ihò lẹ ti gbẹ́ yẹn. Tó bá di dandan, ẹ fi gíríìsì pa ẹnu dírílì dáadáa kó máa gba irin wẹ́wẹ́ mú, kẹ́ ẹ sì gbà pé ẹ máa fọ inú dífù yẹn lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn dífù kan wà tó ní ìdérí lẹ́yìn tí wọ́n fi bóòtù mú, ara ìdérí yẹn sì ni pulọ́ọ̀gì wà fún òmíì, ìyẹn sàn, ẹ tú ìdérí kúrò, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Ti Hilux àtijọ́ kò ní ìdérí lẹ́yìn, iwájú ni gíà ti ń jáde.

Ó wá ku èyí tẹ́ ẹ máa rà. Ẹ má ju ògbólógbòó yẹn nù o, òun lẹ máa mú dání lọ. Ìdílé méjì ló wà, wọn kì í gba ipò ara wọn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí tíréèdì ẹ̀ gún régé látòkè délẹ̀, wáṣà ló ń dí ọ́ìlì fún un, bíi ti Toyota tí mo sọ, 18 mm ni ìbú tíréèdì ẹ̀, 1.5 sì ni àlàfo láti eyín kan sí ìkejì. Ìkejì ni èyí tó tín-ín-rín nísàlẹ̀ tó ń sanra bọ̀ lókè bíi ti ẹnu páìpù omi, ìyẹn ò nílò wáṣà, bó ṣe ń wọlé ló ń fún ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti èyí tó gún bọ ihò èyí tó tín-ín-rín, á jò. Tẹ́ ẹ bá fagbára ti èyí tó tín-ín-rín bọ ihò èyí tó gún, ẹ ti ba ihò jẹ́. Ojú nìkan ò tó láti fi mọ̀ ọ́n, ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn tíréèdì wọ̀n ọ́n.

Ẹ fi ọwọ́ lásán yí tuntun wọlé kẹ́ ẹ tó fi sípánà kàn án, ó kéré tán bí ìyípo mẹ́ta. Tọ́wọ́ ò bá lè yí i, nǹkan ò bára mu, ẹ yọ ọ́, sípánà kọ́ ló máa tún un ṣe. Fún èyí tó ní wáṣà, ẹ lo wáṣà tuntun ní gbogbo ìgbà, torí wáṣà yẹn fífọ́ ló ń fọ́ pẹlẹbẹ kó tó lè dí ihò, èyí tó ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan ò lè fọ́ mọ́. Ti Toyota tó gba sípánà 24 yẹn, 49 N·m (òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí nǹkan) ni wọ́n ní ká dì í mọ, tiyín tó bá jẹ́ irú míì, ìwé mọ́tò yín á sọ tiẹ̀. Ẹ máa rí i pé kò pọ̀ rárá, ọwọ́ kan lórí ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré ti tó, kì í ṣe kéèyàn dúró lórí ọ̀pá. Èyí tó ń sanra lókè ní tiẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù tíréèdì tí ọ́ìlì ò lè jẹ pa á lára, kẹ́ ẹ má sì retí pé orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé tán kó bá ara dífù dọ́gba, ẹni tó bá ń fipá tì í kó lè dọ́gba ló ń la ara dífù.

Ìgbà tí ti òkè bá ti ṣí, tí tuntun wà lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ ti dán an wò tó wọlé, ìgbà yẹn lẹ tó lè tú ti ìsàlẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i gba ihò òkè títí á fi dé etí ihò tí á máa ṣàn jáde tín-ín-rín, ẹ jẹ́ kó dá, kẹ́ ẹ dí i. Ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ń gba ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ GL-5 80W-90 sí lára, àmọ́ tí dífù yín bá jẹ́ irú tó ní kílọ́ọ̀ṣì nínú, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lásán nínú ẹrẹ̀, ó ní èròjà tí wọ́n ń fi sí ọ́ìlì tiẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kùn tẹ́ ẹ bá ń kọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, tèmi ti kọjá pulọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì kan fipá ti pulọ́ọ̀gì tí kì í ṣe tiẹ̀ bọ ihò dífù mi, ní báyìí èyí tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an kàn ń yí lófìfo ni, kì í fún. Ó fi lẹ́ẹ̀dì àti gọ́ọ̀mù dí i, ó ní kò séwu. Ṣé lóòótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín, ewu wà. Inú dífù máa ń gbóná, á sì máa gbọ̀n, ọjọ́ kan á já bọ́ lójú títì, ẹ ò sì ní gbọ́. Ọ́ìlì á ta dànù díẹ̀díẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni igbe bíi fèrè tó ń ga bí eré mọ́tò ṣe ń ga, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa gbọ́ ọ, gíà ti ń jẹra wọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní táàpù, irin eléyín tí wọ́n fi ń gé tíréèdì sínú ihò, wò ó kẹ́ ẹ tó sọ̀rètí nù. Tó bá jẹ́ pé eyín méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló wọ́, tí ti ẹ̀yìn ṣì dáa, táàpù tó bá a mu gan-an á tún ojú ọ̀nà ẹ̀ là. Kó pa táàpù yẹn ní gíríìsì kó kún gbogbo ojú ẹ̀, kó yí i wọlé ìdajì ìyípo, kó dá a padà díẹ̀, kó tún yí i, kó máa yọ ọ́ nù lóòrèkóòrè. Tí tíréèdì bá ti lọ pátá, ọ̀nà méjì ló kù. Ẹ lè fẹ ihò yẹn sí i kẹ́ ẹ sì ra pulọ́ọ̀gì tó tóbi jù ú lọ, tàbí kẹ́ ẹ ti tíréèdì irin tuntun bọ inú ihò tí wọ́n ti fẹ̀, kí pulọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ tún lè wọlé bí tàtijọ́. Ti ìkejì yìí lèmi máa yàn, pàápàá tí ara dífù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, torí ó máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ wo bí irin tó yí ihò ká ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ má lọ fẹ̀ ẹ́ títí á fi là.

Iṣẹ́ bá parí, ẹ da ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú díẹ̀ sí i gba òkè kó ṣàn jáde nísàlẹ̀, kó kó irin wẹ́wẹ́ jáde, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tó da èyí tó dáa sí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti pàrọ̀ pulọ́ọ̀gì, mo pàrọ̀ wáṣà, ó ṣì ń jò. Mo tún dì í sí i, kò yàtọ̀. Kí ló kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dì í mọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi èékánná yín gba ojú irin tí wáṣà ń jókòó lé yípo. Tí ṣísù ẹni ìjọ́sí bá ti fá a, èékánná yín á kọ́ ọ, ibẹ̀ lọ́ìlì ń gbà, ẹ fi fáìlì wẹ́wẹ́ tàbí sáńpépà lórí nǹkan tó tẹ́jú rọra fá a kó dọ́gba, kẹ́ ẹ fi ráágì tó mọ́ dí ihò ná kí ìyẹ̀fun irin má bọ́ sínú ẹ̀.

Ẹ tún wo ihò mímí ẹ̀. Lórí ásù lókè, nǹkan kékeré kan wà bíi fìlà, tàbí họ́ọ̀sì róbà tín-ín-rín, ibẹ̀ ni dífù ti ń mí. Tó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń fẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Nínú mọ́tò àtijọ́ ẹrẹ̀ á ti dí i pa, afẹ́fẹ́ á wá máa ti ọ́ìlì gba ibi tó bá rọ̀ jù, síìlì ẹnu táyà, síìlì ṣáàfù, àti ẹ̀gbẹ́ pulọ́ọ̀gì yín. Ẹ yí fìlà yẹn lọ́wọ́, ó yẹ kó yí kó sì máa fò díẹ̀. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pàrọ̀ ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Pulọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ tèmi ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu. Mo bá nǹkan dúdú lára ẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ṣé gíà mi ti ń lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ìka méjì rá a. Tó bá kúnná bí ìyẹ̀fun, tó dà bí ẹrẹ̀ eérú tí ò gún yín lọ́wọ́, irin tó ń jẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo ni, kò sí mọ́tò tí ò ní in, ẹ nù ún kẹ́ ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó rí bí abẹ́rẹ́, tàbí ègé tó ní etí mímú tó jọ eyín gíà, ẹ má da ọ́ìlì sí i o, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí dífù yẹn wò. Tí ọ́ìlì tó ṣàn jáde bá sì funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ padà lọ wo ihò mímí tí mo sọ lókè yẹn, bóyá ẹ wọ inú omi jíjìn pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, torí dífù tó gbóná tó bá bọ́ sínú omi tútù lójijì máa ń fa omi sínú gba ibẹ̀.